Akọ̀wé Tó Kọ̀wé Pe Ara Rẹ̀ Lólè

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ṣe ìlérí níwájú gbogbo yín pé ìtàn yìí kò ní gùn. Mo ti gé ìrù rẹ̀, mo ti yọ egungun inú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé omi tíì kaná báyìí, kó tó hó, a ó ti parí. Bí ó bá hó kí a tó parí, a jẹ́ pé iná yín ló le jù.

Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló ní kí n kọ ọ́, kí àwọn ẹlòmíràn lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé ní kóòtù. Akọ̀wé ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kó máa kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí kò sí ẹni tó tún fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n: stépílà kan, ìgò gọ́ọ̀mù méjì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá ihò sí bébà, àti rẹ́jísítà lẹ́tà tí kò tíì kún.

Rẹ́jísítà yìí ló ń bá iṣẹ́ lọ nílé. Kò sí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ Akọ̀wé láìní nọ́ńbà ní igun òkè lápá ọ̀tún. Ó kọ̀wé sí onílé pé páìpù omi ń jò, nọ́ńbà kẹsàn-án ni. Ó kọ̀wé kí ọmọ rẹ̀ obìnrin kú oríire ìgbéyàwó, nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni. Ọmọ náà ní òun mọrírì rẹ̀, ó ní ṣùgbọ́n ta ló gba ìkẹrìndínlógún. Àwọn tó ń pa iná mànàmáná ni.

Lókè orí Akọ̀wé gan-an ni Tíṣà ń gbé. Opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ti kọ ìwé ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn dé ibi pé wọ́n ń yá a tí wọn kì í dá a padà. Etí Odò Kejì ni orúkọ ìwé náà. Ìtàn obìnrin atukọ̀ kan ni, tó bá ọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ jà, tó sì fi í sílẹ̀ sí etí odò. Ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ọkọ̀ dé àárín omi, kùrukùru bolẹ̀, obìnrin náà gbé àjẹ̀ sókè. Ibẹ̀ ni ìwé parí. Ṣé ó yí padà ni, àbí ó tẹ̀ síwájú? Tíṣà kò sọ. Odindi ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn òǹkàwé fi wà lórí omi.

Akọ̀wé nìkan ló ti gúnlẹ̀. Ìdí ni pé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, Tíṣà máa ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé kejì tó ń kọ lọ́wọ́, yóò jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, yóò sì ka ohun tó kọ láàárọ̀ sí Akọ̀wé létí. Akọ̀wé á po tíì, á dákẹ́, á máa gbọ́. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, aago mẹ́rin yẹn ni ilẹ̀ ń mọ́ fún un. Ohun tó kù nínú ọjọ́, ìdúró ni.

Bí ayé ṣe rí nìyẹn, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ra fóònù fún un.

"Bàbá, ẹ yéé jókòó lásán. Ẹ máa ya fídíò."

"Fídíò kí ni?"

"Ti nǹkan tí ẹ fẹ́ràn. Bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn."

Nǹkan méjì péré ni Akọ̀wé fẹ́ràn: ìwé Tíṣà, àti Tíṣà. Ó fi ìwé bẹ̀rẹ̀.

Ó tẹ́ ìborùn aláwọ̀ búlúù sórí tábìlì, ìyẹn ni odò. Ìgò gọ́ọ̀mù ni atukọ̀, nítorí ìbàdí rẹ̀. Stépílà ni ọkùnrin etí odò, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Ẹ̀rọ ìdáhò ni aṣọ́bodè tó burú nínú ìtàn náà, kò sì nílò kó ṣe nǹkan kan, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Akọ̀wé fi ọwọ́ kan sún wọn, ó ń fi ẹnu sọ ìtàn náà. Kí Tíṣà má baà dá ohùn rẹ̀ mọ̀, ó fi pégì tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn há imú ara rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni láti fi ṣe ìyàlẹ́nu fún un ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọjọ́ ìbí náà dé, ó kọjá, kò sọ. Ó ní òmíràn ń bọ̀.

Ẹ má rò pé kò mọ òfin. Ojú ìwé kejì sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe àdàkọ ìwé náà tàbí apá kan nínú rẹ̀ ní ọ̀nà èyíkéyìí láìgba àṣẹ. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kan stépílà.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, èèyàn mọ́kànlá ló wò ó. Ọmọ rẹ̀ ni mẹ́rin nínú wọn. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, wọ́n ti tó ọ̀kẹ́ méjì, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Bàbá Stépílà. Wọ́n ń kọ̀wé sábẹ́ fídíò pé ohùn imú yẹn ń pa àwọn lẹ́kún. Akọ̀wé, tí adájọ́ mẹ́fà ti lò láìkí i kú iṣẹ́ rí, ń kà á láàárọ̀, ó ń kà á lọ́sàn-án, ó ń fi oúnjẹ sílẹ̀ kà á.

Ibẹ̀ ni èṣù ti rí àga jókòó sí.

"Bàbá Stépílà," ẹnìkan kọ, "ṣé obìnrin yẹn yí ọkọ̀ padà?"

"Ẹ tètè sọ ohun tí ẹ bá mọ̀ o," òmíràn kọ, "ẹ ti dàgbà."

Ẹnìkẹta ló burú jù: "Kí ni bàbá yìí mọ̀? Ohun tó wà nínú ìwé ló ń sọ. Àwa náà kúkú mọ̀wé kà."

Akọ̀wé ka ìyẹn nígbà méje. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi mọ ìdájọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n dẹ́rù bà á, ẹnìkan tilẹ̀ fa ewúrẹ́ wá sílé rẹ̀, kò sọ. Ìwé ìyìn tí wọ́n fún un nítorí rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ohun tí ewúrẹ́ kò lè ṣí, ẹni tí kò mọ̀ rí ṣí i pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó há imú, ó tẹ́ odò. Ìgò gọ́ọ̀mù yí padà. Ó la kùrukùru já, ó gúnlẹ̀. Stépílà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó dúró. Ṣùgbọ́n ìgò gọ́ọ̀mù kékeré kan dúró tì í.

"Ó ti fẹ́ àbúrò atukọ̀," ni Akọ̀wé fi imú sọ.

Bí Tíṣà ṣe kọ ọ́ nìyẹn, tó kà á fún un ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, tíì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí Tíṣà fi sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́rin láìmú ìwé dání. Lẹ́tà ló mú dání. Kò jókòó.

"Akọ̀wé, wọ́n ti jà mí lólè."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan tí òtútù mú ni."

Akọ̀wé gbé ìkòkò tíì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tíṣà ní àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà fi fídíò kan han òun. Wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé kejì ti di ọ̀rọ̀ ojú títì. Wọ́n bi í pé ta ló fi í hàn.

"Mo ní kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí àfi ẹnìkan, ẹni náà sì ni mo lè fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi kí n rìnrìn àjò."

"Ta ni ẹni náà?" ni Akọ̀wé béèrè.

Tíṣà wò ó. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ àwàdà kọ́ lòní."

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún un. Bí wọn kò bá mọ ẹni tó tú àṣírí náà, kí fídíò náà sì kúrò, àdéhùn ti parí, wọn kò ní tẹ̀ ẹ́. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ọ́," ni Tíṣà wí. "Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, inú dúrọ́ọ̀ ni yóò kú sí, èmi náà ò sì ní pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí olè yẹn. Ẹ kọ ọ́ bíi ti kóòtù. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ bù máṣọ."

Ibi tí ẹni tó ní ẹ̀rí ọkàn ì bá ti jẹ́wọ́ nìyí. Akọ̀wé na ọwọ́ sí bébà.

Ó kọ, Tíṣà dúró tì í.

"Ẹ pè é ní ọmọ àlè," Tíṣà wí.

"Kóòtù kì í bú èèyàn, Tíṣà. Ẹ jẹ́ ká ní 'ẹni tí a kò mọ orírun rẹ̀.'"

"Ó dáa. Ó tilẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀."

Ó kọ pé ẹni náà ti ṣe jàǹbá fún òǹkọ̀wé, ó ti kórè nínú oko tí kò ro, ó sì gbọ́dọ̀ yọ fídíò náà láàárín ọjọ́ méje, kó fi orúkọ ara rẹ̀ ránṣẹ́.

"Ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ ṣàánú rẹ̀. Ó lè jẹ́ àgbàlagbà."

"Bí àgbàlagbà bá ń ṣe báyìí, ta lọmọdé máa wò?"

Akọ̀wé fi sílẹ̀ sí ọjọ́ méje. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sí igun lẹ́tà náà: L/41. Tíṣà fọwọ́ sí i. Ó di Akọ̀wé lọ́wọ́ mú, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ì bá ṣe láìsí i. Ìyẹn ló dun Akọ̀wé jù nínú gbogbo rẹ̀.

Tíṣà fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé, lọ́yà wọn sì gbé e sábẹ́ fídíò lọ́jọ́ kejì. Akọ̀wé kà á lórí fóònù bí ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́tà náà dára.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò yọ fídíò náà kíá. Mo bi òun náà. Ó ní ní gbogbo ọdún tí òun fi wà ní kóòtù, òun ò rí ẹni tí wọ́n fún ní ọjọ́ méje tó ṣe nǹkan ní ọjọ́ kejì. Ó tún ní bí òun bá sáré yọ ọ́, wọn yóò ní ẹlẹ́bi ló ń sá. Mo bi í pé ṣé ẹlẹ́bi kọ́ ni. Ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹfà, ó jókòó, ó kọ èsì. Ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí Bàbá Stépílà. Ó ní ìfẹ́ ìwé ló mú òun ṣe é. Ó ní ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ti gbọ́ orúkọ ìwé náà lẹ́nu òun. Ó ní ní ti ìgò gọ́ọ̀mù kékeré, òun kàn méfò ni, ìméfò kì í ṣe olè jíjà. Ó ka ohun tó kọ, ó gbà pé bí òun bá jẹ́ adájọ́, òun yóò dá ọkùnrin náà sílẹ̀. Kò kọ orúkọ sí i, kò kọ àdírẹ́sì. Ó fẹ́ dì í sínú àpò ìwé, ọwọ́ rẹ̀ sì yà sọ́dọ̀ rẹ́jísítà bí ẹsẹ̀ ṣe ń yà sínú bàtà. Ọwọ́ ló ṣe é, kì í ṣe orí. Lẹ́yìn náà ló rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́, tó fi í ránṣẹ́ sí lọ́yà àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Tíṣà kan ilẹ̀kùn.

"Lọ́yà wọn ní kí n wá lọ́la. Ó ní èmi gan-an ni olè yẹn. Ó ní òun ní ẹ̀rí tí mi ò lè jiyàn. Ẹ bá mi lọ, Akọ̀wé. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi."

Àwọn méjèèjì lọ. Yàrá kékeré kan ni, ìwé kún ibẹ̀ dé òkè, fáànù ń yí lórí wọn bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Lọ́yà náà jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó wọ awò ojú, ó sì ní sùúrù tó ń bani lẹ́rù. Ó kí wọn dáadáa. Ó gbé bébà kan síwájú Tíṣà.

"Mà, ẹ̀yin lẹ fi èyí ránṣẹ́?"

"Èmi ni."

Ó gbé èkejì tì í. "Èyí ńkọ́?"

"Ti olè yẹn nìyẹn."

"Ẹ bá mi wo igun òkè lápá ọ̀tún, mà."

L/41. L/42.

"Inú rẹ́jísítà kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde," lọ́yà wí. "Ẹ kọ̀wé bú ara yín, ẹ sì kọ̀wé gbèjà ara yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí aráyé máa sọ̀rọ̀ ìwé yín, mà, ẹ̀ bá ti sọ fún wa. Ó dun ọ̀gá wa púpọ̀. Wọ́n ní kí n gba àdéhùn padà lọ́wọ́ yín."

Tíṣà wo bébà méjèèjì. Akọ̀wé náà wò wọ́n, ó rí ìkọ̀wé ara rẹ̀, nọ́ńbà méjì tó tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ìyá. Irọ́ kan ti wà ní ẹnu rẹ̀, pé wọ́n jí rẹ́jísítà òun. Ṣùgbọ́n ó ti rí àwọn tó ń purọ́ ní kóòtù fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé itọ́ mì. Ó rí i pé òun ti gbé itọ́ mì.

Tíṣà kò yíjú sí i. Ohùn tó fi máa ń bi ọmọ kíláàsì léèrè ló lò.

"Akọ̀wé, kí ló wà ní ìkẹtàlélógójì?"

"Kò tíì sí nǹkan níbẹ̀, Tíṣà."

"Ẹ jókòó kí ẹ kọ ọ́."

Lọ́yà ní, "Ẹ dákun, kò yé mi."

"Ẹ ní kí n wá olè wá," Tíṣà wí. "Mo ti mú un wá. Mo rò pé ẹlẹ́rìí ni mo mú dání ni."

Lọ́yà kò gbà. Ó ní ọ̀rẹ́ lè gba ẹ̀bi ọ̀rẹ́ rù. Ó ní kí bàbá fi hàn pé òun ni. Akọ̀wé fi ìka méjì di imú ara rẹ̀ mú níbẹ̀, níwájú òfin.

"Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ìwé, ẹ kú ìjókòó. Odò rèé."

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin tó ń gba àlejò níta ki orí bọlé. Ó wo Akọ̀wé láti òkè dé ilẹ̀.

"Bàbá Stépílà," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Sà, ṣé lóòótọ́ ló fẹ́ àbúrò rẹ̀?"

Lọ́yà ní kó pa ilẹ̀kùn dé. Ó ní ẹ̀rí ti tó.

Tíṣà ló sọ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà, Akọ̀wé sì kọ ọ́. "Èmi tí mo jẹ́ ẹni tí Tíṣà fọkàn tán, mo jẹ́wọ́ pé mo ta ohun tó kà sí mi létí." Akọ̀wé dábàá pé ó yẹ kó jẹ́ "mo tú," nítorí òun kò gba kọ́bọ̀. "Ẹ má tún un ṣe," Tíṣà wí. "Ẹ gba ìyìn." Lọ́yà wá fi gbólóhùn tirẹ̀ kún un: gbogbo fídíò yóò kúrò, Akọ̀wé kò sì gbọdọ̀ tún sọ ìwé òǹkọ̀wé yìí jáde, èyí tó wà àti èyí tó ń bọ̀, sí etí ẹnikẹ́ni, láìgba àṣẹ ilé iṣẹ́ náà ní kíkọ sílẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Ó kọ L/43 sí igun rẹ̀. Wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà padà sílé, Tíṣà jókòó níwájú, òun jókòó lẹ́yìn.

Wọ́n dá àdéhùn padà fún Tíṣà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó yí ìtàn náà padà láti ibi tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, nítorí gbogbo ayé ti mọ ti àbúrò. Oṣù márùn-ún ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bó bá pàdé Akọ̀wé lórí àtẹ̀gùn, á ní "Ẹ káàárọ̀ o," á kọjá. Aago mẹ́rin ń lù, kò sẹ́ni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Akọ̀wé ń po tíì tí kì í mu.

"Bàbá, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́," ọmọ rẹ̀ wí.

"Mo ti lọ."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ti gbọ́."

"Ó dárí jì yín?"

"Mo béèrè. Ó ní òun ti gbọ́ ìyẹn náà."

Nígbà tí ìwé náà jáde, Akọ̀wé tò lórí ìlà rà á bí gbogbo èèyàn. Ó gbé e wálé, kò ṣí i títí aago mẹ́rin fi lù. Ó wá ṣí fèrèsé, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. Ó ní ara òun lòun ń kà á fún. Kò lo pégì.

Ó kà á dé ìdajì orí kìn-ín-ní, ó sì gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àga lókè. Àga náà wá dúró sí òkè orí rẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ kẹrin ló dé ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Kò sí àbúrò níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà nìkan ló dúró. Obìnrin náà kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó gbé àjẹ̀ lé itan, ó ní, "Máa sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ ọ láti ibí."

Akọ̀wé fẹ́ sáré kọjá ibẹ̀. Gìgísẹ̀ kan lu ilẹ̀ lókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó padà, ó tún un kà, ó rọra kà á.

Láti ìgbà náà, orí kan ni lójúmọ́. Wọ́n ti ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mẹta. Tíṣà kò tíì sọ̀ kalẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ o" ṣì ni ti orí àtẹ̀gùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi fi èyí sínú. Lẹ́tà kẹtàlélógójì wà nínú fáìlì lọ́yà, kò sì sí àṣẹ kankan tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá pàdé lọ́yà náà, tó sì bi yín léèrè ohun tó ń dún nínú ilé yẹn ní aago mẹ́rin, ẹ sọ fún un pé bàbá àgbàlagbà kan ló ń dá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó bẹ́ẹ̀.